Omi ìdọ̀tí wọ odò, ẹja ò kú: báwo ló ṣe jẹ́?

Ìbéèrè: Gbogbo omi tó ti ilé ìgbẹ́, balùwẹ̀ àti ilé ìdáná ìlú kékeré kan jáde, odò ló máa ń já sí nígbẹ̀yìn. Odò ṣáà ń ṣàn. Ṣé kò lè gbé ìdọ̀tí náà lọ ni?

Ìdáhùn: Bó bá kéré, á gbé e. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú odò ló ń jẹ irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń lo ọ́síjìn tó wà nínú omi, èyí tí ẹja náà ń mí. Kò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀: omi odò tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kì í sábà ní ju nǹkan bíi mílígíráàmù 8 nínú lítà kan, bó bá sì ti wálẹ̀ sísàlẹ̀ 5, ara ti ń ni ọ̀pọ̀ ẹja. Ẹ wá da ẹ̀gbin odidi ìlú sí i. Kòkòrò á máa bí sí i, wọ́n á lo ọ́síjìn tán, ẹja á léfòó, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni da májèlé sódò. Iṣẹ́ ibùdó ìfọ omi ìdọ̀tí ni pé kí àwọn kòkòrò yìí ti jẹ àjẹyó kí omi tó dé odò.

Ìbéèrè: Ṣé kòkòrò ni wọ́n fi ń fọ omi ni?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Irin tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà máa ń dá àkísà àti igi dúró, wọ́n á jẹ́ kí yanrìn sùn sísàlẹ̀ kó má bàa ba pọ́ǹpù jẹ́, omi á sì dúró bíi wákàtí méjì nínú àgbá ńlá kí ìdọ̀tí tó wúwo lè rì. Èyí tó ti yòrò ò ní rì láéláé. Òun ni wọ́n ń gbé fún kòkòrò.

Ẹ dúró létí kòtò oníkọnkéré tí wọ́n ti ń ṣe é. Omi aláwọ̀ ilẹ̀ ló ń hó yaya, nítorí ẹ̀rọ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti ìsàlẹ̀. Òórùn ilẹ̀ tútù ló ń ní, kì í ṣe ti ìgbẹ́. Bó bá ti ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, òṣìṣẹ́ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ò tó.

Edward Ardern àti William Lockett ló gbé ọ̀nà yìí jáde nílùú Manchester ní 1914. Dípò kí wọ́n da ẹrẹ̀ tó sùn sísàlẹ̀ nù, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n da omi ìdọ̀tí mìíràn lé e, wọ́n tún fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Iṣẹ́ tó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan wá di iṣẹ́ ọjọ́ kan, nítorí kòkòrò ló kún inú ẹrẹ̀ náà. Títí dòní, wọ́n ṣì ń dá apá kan rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìbéèrè: Bí omi bá ti mọ́ gaara, ṣé ó ti tán?

Ìdáhùn: Rárá o. Ojú ò rí amóníà, kẹ́míkà tó ń ti inú ìtọ̀ jáde, ó sì ń pa ẹja. Bakitéríà kan ń sọ ọ́ di náítíréètì. Àwọn mìíràn, níbi tí afẹ́fẹ́ ò sí, á sọ náítíréètì di gáàsì náítírójìn tó ń fò lọ. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ńkọ́? Ajílẹ̀ ni fún ewé omi tíntìntín. Bó bá pọ̀ jù, ewé yìí á bo odò, á kú, á jẹrà, ọ́síjìn á tún tán. Iyọ̀ irin ni wọ́n sábà ń dà sí i kó lè rì. Kiloríìnì tàbí ìtànṣán UV (irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò rí) ni wọ́n fi ń pa kòkòrò àìsàn, ṣùgbọ́n kiloríìnì náà ń pa ẹja, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò kí omi tó jáde.

Ẹ má sọ pé ìlú kékeré ni, kò lè fa nǹkan. Odò kékeré ló sábà wà níbẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, omi tó ti ibùdó jáde lè pọ̀ ju ti odò fúnra rẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Kí ló lè ba iṣẹ́ àwọn kòkòrò tó ń fọ omi jẹ́?

Ìdáhùn: Òjò ńlá ni àkọ́kọ́. Omi òjò á gba ojú páìpù tó là wọlé, á sì gbá kòkòrò jáde sódò. Ọ́ìlì mọ́tò àti ọ̀dà tí èèyàn dà sí ojú ihò omi ìdọ̀tí ilé lè pa wọ́n, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó pọ̀ padà. Wáìpù, ìnujú onírinrin tí wọ́n ń lò sọ nù, kì í yòrò; òun àti ọ̀rá á dì pọ̀ nínú páìpù, ìdọ̀tí á sì tú síta kó tó dé ibùdó rárá. Oògùn tó ti kọjá àkókò ló tún burú sí i, torí wọn ò kọ́ ibùdó náà fún un, apá kan rẹ̀ á sì kọjá tààrà sínú odò. Apòògùn ni kẹ́ ẹ dá a padà fún.