Ọjọ́ Kìíní ní Erékùṣù Príncipe

Láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn ṣètò ìrìn àjò ìsinmi, mi ò tíì rí ẹni tí ìdákẹ́rọ́rọ́ erékùṣù ba ìsinmi rẹ̀ jẹ́. Ohun tí wọn kò mú dání láti ilé, àti ìkánjú tí wọ́n gbé dé ibẹ̀, ló máa ń bà á jẹ́. Príncipe ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé kò jìnnà sí wa, síbẹ̀ àwa tí a mọ ọ̀nà Dubai bí ẹní mọ owó kì í sábà ronú kan ibẹ̀. Ó jẹ́ apá kan orílẹ̀-èdè São Tomé àti Príncipe, àwọn erékùṣù inú òkun ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, tó gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Potogí ní ọdún 1975, àwọn tó ń gbé erékùṣù náà kò sì pé 10,000.

Yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé ènìyàn ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú (yellow fever), ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Wọn yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá, abẹ́rẹ́ ọ̀hún kò sì jẹ́ ojúlówó lójú òfin àfi bí ọjọ́ 10 bá ti kọjá lórí rẹ̀, nítorí náà ẹni tó lọ gbà á nígbà tí ìrìn àjò ku ọ̀la ti pẹ́ jù. Ti ibà ẹ̀fọn ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Àwọn ènìyàn wa tó ti pẹ́ ní London máa ń sọ fún mi pé ibà kò lè ṣe àwọn ní nǹkan kan, nítorí pé Ìbàdàn tàbí Òṣogbo ni wọ́n dàgbà sí. Ṣùgbọ́n agbára tí ara fi ń bá ibà jà máa ń dín kù bí ènìyàn bá ti kúrò níbi tí ibà wà fún ọdún púpọ̀, ibà sì ṣì wà ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ lọ bá dókítà ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, nítorí pé oògùn ìdènà mìíràn wà tí a gbọ́dọ̀ ti máa lò kí ọjọ́ ìrìn àjò tó kò.

Dobra ni owó wọn, wọ́n sì so ó mọ́ owó yúrò. Ẹ mú yúrò dání, kí ó jẹ́ èyí tí a ti ṣẹ́ sí kéékèèké, kí ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé káàdì báǹkì.

Bàálù kékeré ló ń gbé ènìyàn láti São Tomé dé Príncipe, kò sì ju wákàtí kan lọ. Ìyá kan tí mo bá ṣètò ìrìn àjò kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sínú àpótí ńlá. Àpótí náà kò bá a gúnlẹ̀, ọjọ́ kejì ló tó dé. Àyà mi kò balẹ̀ rárá lọ́jọ́ náà, nítorí pé èmi ni kò tẹnu mọ́ ọn fún wọn tó. Inú báàgì ọwọ́ ni oògùn gbọ́dọ̀ wà, bó ti wù kó kéré mọ.

Bí ẹ bá ti gúnlẹ̀, ẹ má ṣe ètò kankan fún ọjọ́ náà. Ìlà tó pín ayé sí méjì kò jìnnà síbẹ̀ rárá, oòrùn rẹ̀ sì ń jó awọ ara, kódà bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run. Ẹ mu omi, ẹ jókòó sí abẹ́ igi, kí ẹ má sì bọ́ sínú òkun àfi bí ẹ bá ti béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja pé ibo ni omi kì í ti í wọ́ ènìyàn lọ. Kí ẹ tó béèrè, ẹ kí wọn: «bom dia» ní òwúrọ̀, «boa tarde» ní ọ̀sán. «Leve leve» ni wọn yóò máa sọ fún yín, ìyẹn ni pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n sì ti ń ṣe nǹkan gan-an nìyẹn.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ lọ sí oko Sundy. Níbẹ̀ ni Arthur Eddington, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ya àwòrán àwọn ìràwọ̀ ẹ̀gbẹ́ oòrùn nígbà tí òṣùpá bo oòrùn ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1919, láti fi dán ìmọ̀ Einstein wò, pé òòfà oòrùn máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní tèmi, kòkó ni mo máa ń tìtorí rẹ̀ lọ. Láti Brazil ni wọ́n ti gbé e wá sí Príncipe ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, ìyẹn sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí kòkó fìdí múlẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Láti àwọn erékùṣù inú òkun yìí ló ti rìn dé ọ̀dọ̀ wa, tí ó fi di ohun tí a fi owó rẹ̀ kọ́ Cocoa House ní Ìbàdàn. Ọmọ àgbẹ̀ tó bá dúró nínú oko náà, tó rí èso kòkó pípọ́n lára igi, tó sì gbóòórùn kòkó tí wọ́n ń sá, yóò rò pé òun wà ní Oǹdó ni. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń mú yín káàkiri sọ ti àwọn ẹrú fún yín pẹ̀lú, àti ti àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó wá láti Àǹgólà àti Cape Verde lẹ́yìn wọn, nítorí pé òógùn wọn ló gbé oko náà ró.

Bí ẹ bá lọ láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, àwọn ìjàpá òkun yóò máa gòkè wá yé ẹyin sí etíkun lóru. Ẹ má tan iná fóònù sí wọn, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ a máa dá ìyá padà sínú omi láìyé ẹyin, a sì máa ṣi àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa lọ́nà.

Ní ti àbọ̀, ẹ fi ó kéré tán òru kan sílẹ̀ ní São Tomé kí bàálù tó ń bọ̀ wálé tó gbéra, nítorí pé òjò àti ìkùukùu lè dá bàálù Príncipe dúró di ọjọ́ kejì. Aago wọn fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Nàìjíríà. Aago tiwọn ni kí ẹ máa wò.