Ta ló yìnbọn fún Stonewall Jackson?

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé àwọn ọmọ ogun Jackson, ọ̀gágun apá Gúúsù, fúnra wọn ló yìnbọn fún un nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà? Ṣé wọ́n dìtẹ̀ mọ́ ọn ni?

Ìdáhùn: Àwọn ni, àmọ́ kò sí ọ̀tẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni a ní kó fẹ́ni lójú tó wá fi ata sẹ́nu. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún 1863, ní Chancellorsville ní Virginia, Jackson kó ọmọ ogun bí 28,000 gba inú igbó, ó sì já lu ọ̀tá, ìyẹn àwọn ará Àríwá, nírọ̀lẹ́. Ilẹ̀ ṣú, ó ṣì fẹ́ lé wọn. Òun àti àwọn mélòó kan gẹṣin kọjá àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ lọ wo iwájú. Bí wọ́n ti ń padà bọ̀, àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ láti North Carolina, ìpínlẹ̀ kan ní Gúúsù, gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹṣin láti ìhà ọ̀dọ̀ ọ̀tá, wọ́n bá yìnbọn.

Ìbéèrè: Kò sẹ́ni tó pariwo ni?

Ìdáhùn: Ó wà. Àbúrò ìyàwó Jackson kígbe pé ara yín lẹ ń yìnbọn fún o! John Barry, ọ̀gá àwọn tó ń yìnbọn, ní ẹ̀tàn ọ̀tá ni, ẹ yìn ín! Èmi ò lè dá a lẹ́bi. Nínú òkùnkùn igbó, ọ̀tá náà lè kígbe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Òṣùpá ò ràn ni?

Ìdáhùn: Ó ràn dáadáa, àmọ́ ẹ̀yìn Jackson ló wà. Òjìji dúdú lórí ẹṣin ni wọ́n rí.

Ìbéèrè: Kí ló wá pa á gan-an?

Ìdáhùn: Ọta mẹ́ta bà á, méjì lápá òsì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún. Èyí tí wọ́n yọ lọ́wọ́ ọ̀tún rí róbótó, irú ọta tí ìbọn àwọn ará Gúúsù ń lò. Dókítà Hunter McGuire gé apá òsì náà, wọ́n sì sin ín lọ́tọ̀. Òtútù àyà wọlé, Jackson kú ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà, ẹni ọdún 39. Ẹ má rò pé mò ń ṣọ̀fọ̀ ohun tó ń jà fún o: kí oko ẹrú má baà tú ni Gúúsù ṣe gbé ìbọn, àwọn ọmọ Áfíríkà ló sì wà nínú oko yẹn. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó yìnbọn lóru yẹn ni àánú wọn ń ṣe mí.

Ìbéèrè: Barry náà ńkọ́?

Ìdáhùn: Ogun parí, ó padà sílé. Ó kú ní 1867, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.