Àyẹ̀wò ẹ́ńjìnnì rótárì nínú Mazda RX-8 àlòkù

Mazda RX-8 jẹ́ mọ́tò eré sísá tí wọ́n ṣe ní Japan láàárín ọdún 2003 sí 2012. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, 13B-MSP tí wọ́n sọ ní Renesis, kò ní písítìn, kò sì ní fáàfù. Felix Wankel, ọmọ Jámánì, ló pilẹ̀ irú ẹ́ńjìnnì yìí, tí wọ́n ń pè ní rótárì. Mazda lò ó nínú mọ́tò Cosmo Sport lọ́dún 1967, ó sì tún lò ó nínú RX-7 láti 1978. RX-8 tó bá dé Ìkòròdú lónìí, àlòkù tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá ni, nítorí náà kí á tó wo bọ́dì àti síìtì, ẹ́ńjìnnì ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mẹkáníìkì tó bá fi ojú Camry wò ó yóò ṣì í mú.

Ohun tó ń gbó

Rótọ̀ méjì, ìyẹn irin tó ń yí dípò písítìn, ló wà nínú ẹ́ńjìnnì náà, ìkọ̀ọ̀kan ní igun mẹ́ta. Síìlì irin tẹ́ẹ́rẹ́ wà ní ṣóńṣó igun kọ̀ọ̀kan, sípíríìnì ló sì ń tì í mọ́ ara ilé rótọ̀. Síìlì mẹ́ta yìí ló pín inú ilé náà sí yàrá mẹ́ta, tó fi jẹ́ pé yàrá méjì ló ń pín síìlì kan lò. Bí ọ̀kan bá gbó tàbí tó ṣẹ́, afẹ́fẹ́ á máa jò láti yàrá kan bọ́ sí èkejì.

Pọ́ǹpù kékeré kan ń ta ọ́ìlì sínú àwọn yàrá náà kí síìlì má baà gbẹ. Jíjẹ ọ́ìlì kì í ṣe àìsàn fún ẹ́ńjìnnì yìí. Èyí tí kò jẹ ọ́ìlì rárá ló yẹ ká fura sí, torí ó lè jẹ́ pé pọ́ǹpù yẹn ti kú tàbí pé ọ̀nà ọ́ìlì ti dí. Ìgbà méjì téèyàn bá ra epo, kó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ wò.

Títan án nígbà tó gbóná

Kí ẹni tó fẹ́ rà á má ṣe gba títan òwúrọ̀ nìkan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Kó wà á títí yóò fi gbóná dáadáa. Láti ìgboro Ìkòròdú dé Ìtòìkín ti tó. Lẹ́yìn náà kó pa á, kó dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kó tún un tan. Ẹ́ńjìnnì tó yè á jí wéré. Bí sítátà bá ń yí tí yóò máa yí kó tó jí, kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n rẹ̀ (agbára tí yàrá fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀) ti lọ sílẹ̀, torí ọ́ìlì tó ti gbóná kò ki tó láti bá síìlì dí ibi tó ń jò. Àwọn olùtà kan máa ń da ọ́ìlì sí ojú ihò púlọ́ọ̀gì kí oníbàárà tó dé. Ó ń gbé kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n sókè fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín tó ki tó bá tẹ̀ lé e ló ń tú àṣírí.

Wíwọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n

Gẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ń lò fún ẹ́ńjìnnì onípísítìn ní fáàfù kékeré kan tó ń há afẹ́fẹ́ mọ́ inú, nítorí náà nọ́ńbà yàrá tó lágbára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan ló ń fi hàn. Yàrá méjì lè ti kú, kí gẹ́ẹ̀jì ṣì máa sọ pé kò sí wàhálà. Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ń ta ẹ́ńjìnnì tó ti bàjẹ́ féèyàn. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún rótárì ló dára jù: ó ń ka yàrá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó sì ń ka bí sítátà ṣe ń yára tó.

Níbi tí kò bá ti sí i, ẹ yọ fáàfù kékeré inú gẹ́ẹ̀jì náà. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí bátìrì sì kún. Ẹ gé epo àti iná púlọ́ọ̀gì, kí epo má baà máa ta sínú rẹ̀. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kan lára rótọ̀ tí ẹ fẹ́ wọ̀n, ẹ fi èkejì sílẹ̀, ẹ de gẹ́ẹ̀jì sí ihò náà. Kí ẹnì kan tẹ torótù, ìyẹn pẹ́dà tó ń mú mọ́tò sáré, mọ́lẹ̀ pátápátá kó sì yí sítátà fún bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá. Ọwọ́ gẹ́ẹ̀jì á máa ta pọ́n-ún, pọ́n-ún, pọ́n-ún, ọ̀kan fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi fóònù gba fídíò rẹ̀, kí ẹ wá wò ó díẹ̀díẹ̀.

Bí sítátà bá ń yí 250 nínú ìṣẹ́jú kan, ìwọ̀n tó péye fún RX-8 jẹ́ 830 kPa, ìyẹn bíi 120 psi (kPa àti psi ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́). Èyí tó kéré jù tí a lè gbà ni 680 kPa. Ìyàtọ̀ láàárín yàrá inú rótọ̀ kan kò gbọ́dọ̀ ju 150 kPa lọ, ti rótọ̀ méjèèjì kò sì gbọ́dọ̀ ju 100 kPa. Sítátà tó yára ń gbé nọ́ńbà sókè, èyí tó lọ́ra sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà tí kò ní ìyára pẹ̀lú kò tó gbára lé.

Bí yàrá méjì tó fara kanra bá rẹlẹ̀, síìlì ṣóńṣó ni. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ síìlì ẹ̀gbẹ́, ìyẹn èyí tó wà lára ẹ̀gbẹ́ rótọ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba ṣùgbọ́n tí wọn kò dé 680, gbogbo rẹ̀ ló ti gbó, àfi kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì. Kò sí ọ́ìlì tí wọ́n ń dà sí i tó lè jí síìlì tó ṣẹ́ dìde.

Ooru àti omi

Ilé rótọ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, àwo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ irin, ooru kì í sì í fẹ̀ wọ́n bákan náà. Bó bá ti gbóná jù lẹ́ẹ̀kan, rọ́bà tó ń dá omi dúró láàárín wọn lè bàjẹ́. Èéfín funfun nígbà títan, omi tó ń dín kù láìsí ibi tó ti ń jò, àti ìfófòó inú rédíétọ̀ ni àmì rẹ̀. Ọwọ́ ìwọ̀n ooru inú RX-8 kì í tètè kúrò láàárín, nítorí náà nínú gosiló Mile 12, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń ka ooru ló dára jù láti tẹ̀ lé. Ẹ rí i pé fáànù méjèèjì ń yí.

Iná àti epo

Kọ́ìlì mẹ́rin ló wà, ọ̀kan fún púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá rẹ̀ á jẹ́ kí epo tí kò jóná wọnú ẹ́sọ́ọ̀sì, á sun katalísítì (ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú ẹ́sọ́ọ̀sì) títí yóò fi dí. Bí ẹ bá fi kọ̀ǹpútà ka àṣìṣe iná, kóòdù P0301 ń tọ́ka sí rótọ̀ iwájú, P0302 sí tẹ̀yìn. Púlọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀ àti tòkè kì í ṣe irú kan náà, ẹ má ṣe pààrọ̀ wọn fúnra wọn.

Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tan láti sún mọ́tò kúrò lẹ́nu ọ̀nà fún ará ilé, tí wọ́n sì pa á lójú ẹsẹ̀, lè mu epo yó kó má jí mọ́. Ẹ tẹ torótù mọ́lẹ̀ pátápátá nígbà tí sítátà ń yí. Ìyẹn ń gé epo títí yóò fi gbẹ. Bí kò bá jí, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ nù wọ́n, ẹ sì tún gba iná sínú bátìrì.