Ìròyìn Àwárí Tuntun Jáde: Ṣé Oògùn Ti Dé Nìyẹn?

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ilé ìwádìí ìṣègùn WEHI nílùú Melbourne, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, kéde pé àwọn ti rí bí purotéènì kan tó ń jẹ́ PINK1 ṣe rí nígbà tó bá so mọ́ ara mitochondria. Láti ìgbà náà, àwọn tí mò ń tọ́jú nítorí àrùn Parkinson, àrùn ọpọlọ tó máa ń mú kí ọwọ́ gbọ̀n kí ara sì le, ò yéé bi mí pé: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé oògùn rẹ̀ ti jáde?"

Oògùn ò tíì jáde. Àwòrán ló jáde. Àwòrán náà níyì púpọ̀, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni á torí ẹ̀ pa oògùn tó ń lò tì.

Mitochondria ni àwọn ẹ̀yà tíntìntín inú sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè agbára fún un. Nínú èyí tó dá ṣáṣá, PINK1 kì í pẹ́ rárá; bó ṣe ń dé ni ara ń gé e wẹ́wẹ́. Àmọ́ bí mitochondria kan bá bàjẹ́, PINK1 á jókòó sí ojú rẹ̀, á sì sàmì sí i, bí ẹni fi ọ̀dà sàmì sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ Parkin á rí àmì yẹn, á fi tirẹ̀ kún un, sẹ́ẹ̀lì á sì palẹ̀ èyí tó bàjẹ́ mọ́. Bí PINK1 fúnra rẹ̀ bá lábùkù, kò sẹ́ni tó máa sàmì. Ìdọ̀tí á máa pọ̀ sí i títí sẹ́ẹ̀lì á fi kú, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń ṣe dopamine ni kì í sì í lè fara dà á. Dopamine yìí ló ń jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbọ́ràn sí wa lẹ́nu.

Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti mọ̀ pé àbùkù jíìnì PINK1 máa ń fa irú Parkinson tó ń tètè mú èèyàn. Ó lé lógún ọdún kí wọ́n tó rí ibi tó ń jókòó sí àti bó ṣe ń jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe oògùn tó máa ta PINK1 jí gbọ́dọ̀ mọ ibi tí oògùn náà á ti dì í mú, ìyẹn ni àwòrán yìí ṣe fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní Parkinson ni PINK1 tiwọn ò lábùkù. Bóyá irú oògùn bẹ́ẹ̀ á ran àwọn náà lọ́wọ́, ìwádìí lára èèyàn ló máa sọ.

Ilé ìwádìí kan náà ti rin ọ̀nà yìí rí. Lọ́dún 1988, David Vaux, Suzanne Cory àti Jerry Adams rí i níbẹ̀ pé iṣẹ́ jíìnì kan tó ń jẹ́ BCL-2 nínú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe láti mú sẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí i. Ńṣe ló ń dí i lọ́wọ́ kí ó má baà kú nígbà tó yẹ kó kú. Èrò tuntun gbáà nìyẹn jẹ́ nígbà yẹn. Láti inú rẹ̀ ni oògùn jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ venetoclax ti wá, tí àwọn ilé iṣẹ́ AbbVie àti Genentech bá wọn ṣe. Ọdún 2011 ni aláìsàn kọ́kọ́ lò ó. Oṣù kẹrin ọdún 2016 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n gbáko.

Àwọn èèyàn máa ń bínú sí gígùn àkókò yìí, mo sì mọ bó ṣe ń dùn wọ́n. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín rẹ̀. Aláìsàn 116 tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní CLL ti padà wá tàbí tó kọ̀ tí kò gbóògùn ló kópa nínú ìwádìí oògùn náà. Oògùn náà ṣiṣẹ́ fún 79 nínú 100 wọn, ó sì pa àìsàn náà rẹ́ pátápátá lójú àyẹ̀wò fún 20 nínú 100. Agbára yẹn gan-an ló fa ewu. Nínú àwọn 56 àkọ́kọ́, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ àwọn mẹ́ta kú lẹ́ẹ̀kan náà tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tó tú jáde láti inú wọn fi ya bo ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kú. Àwọn dókítà wá yí ìlànà padà: kí wọ́n máa fi oògùn náà kún un díẹ̀díẹ̀. Nínú àwọn 60 tó tẹ̀ lé wọn, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ mọ́. Lónìí, 20 mg ni aláìsàn CLL fi ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún kó tó dé 400 mg.

Nítorí náà, bí ẹ bá ka ìròyìn àwárí, ẹ wá ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀: inú kí ni wọ́n ti rí i? Ṣé inú sẹ́ẹ̀lì nínú ìgò ni, àbí lára eku, àbí lára èèyàn? Bó bá jẹ́ èèyàn, mélòó ni wọ́n, ta ni wọ́n sì fi wọ́n wé? Ìròyìn tí kò bá sọ èyí, ẹ má gbé ìrètí yín lé e.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń ta àgúnmu tàbí kápúsù lórí orúkọ PINK1 báyìí ń fi ìpọ́njú yín pawó ni. Ẹ má jáwọ́ nínú levodopa, oògùn Parkinson tí ẹ ń lò. Bí a bá dá a dúró lójijì, ara lè le gan-an, ibà líle sì lè tẹ̀ lé e. Bó bá sì jẹ́ pé Parkinson mú ẹnì kan nínú ìdílé yín kó tó pé ẹni àádọ́ta ọdún, ẹ sọ fún dókítà yín nígbà tí ẹ bá tún lọ, kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò jíìnì.