Ìgbọ́raẹniyé ni, kì í ṣe ìbánisọ̀rọ̀

Ẹnì kan fi ìwé ìpolówó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ sí mi: "Ọgbọ́n Rírọ̀ fún Onímọ̀ Ẹ̀rọ". Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kí n tó mọ̀ pé soft skills, ìmọ̀ bíbá ènìyàn ṣiṣẹ́ pọ̀, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n wo ló ń rọ̀? Ẹ̀bà ló ń rọ̀. Kankéré tí omi rẹ̀ pọ̀ jù náà ń rọ̀, a sì mọ ibi tí ìyẹn ń já sí. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí mo kan "ìmọ̀ọ́ṣe ìbánisọ̀rọ̀" nísàlẹ̀ ìwé náà; communication skills ni wọ́n pè bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló mú kí n jókòó kọ èyí.

Ìbánisọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú. Kó máa bá àwọn tó ń ta fóònù gbé; ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kúkú ni gbogbo wa ń pe fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ tú u palẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó: bá, ẹni, sọ, ọ̀rọ̀. Mo bá ọ sọ̀rọ̀, ó parí. Bóyá o gbọ́ ni o, bóyá oúnjẹ ọ̀sán lò ń rò, kò kan ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí iṣẹ́ ẹnjiníà ń fẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀, ìgbọ́raẹniyé ni mo sì ń pè é. Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Àwọn àgbà tó ń parí ìjà tọkọtaya ti ń lò ó kí wọ́n tó bí mi. "Kò sí ìgbọ́raẹniyé láàárín wọn," ni wọ́n máa ń wí, bẹ́ẹ̀ tọkọtaya ọ̀hún ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹni tó bá ti wà níbi tí wọ́n ti ń da dẹ́kìn yóò mọ ohun tí mò ń wí. Lébírà ìsàlẹ̀ gbé páànù kankéré sókè fún ẹni tó wà lórí àkàbà. Kò ní tú ọwọ́ sílẹ̀ títí tòkè yóò fi ní, "Mo ti mú un." Bó bá tú u sílẹ̀ ṣáájú, kò sẹ́ni tí yóò bi í bóyá ó gbé e dáadáa, orí tí páànù já lé ni a ó máa wò. Ìtumọ̀ ìgbọ́raẹniyé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu lo fi sọ ọ́ ni, pílánù lo yà ni, lẹ́tà lo kọ ni, ọ̀kan náà ni lójú mi.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí sáìtì, mo sọ fún Bàbá tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ayọ́nbẹ́ńdà pé kí àlàfo irin jẹ́ wanfífítì. "Ó ti yé mi, Ẹnjiníà." Mo ti ń ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò kí ọkàn mi tó ní kí n padà. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n kí n rí i." Bàbá na àtàǹpàkò, ó na ìka àárín, ó gbé ọwọ́ lé irin. Mo fa téèpù: ínṣì 9! Mìlímítà ni mo pè, ínṣì ni Bàbá sì fi kọ́ṣẹ́. 150 mi kò ju ínṣì 6 lọ. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀ bá ti wí pé ínṣì mẹ́fà." Àbí àgbàlagbà wo ni yóò sọ lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kò yé òun? Láti ọjọ́ yẹn n kì í bi ẹnikẹ́ni pé "ṣé ó yé yín?" mọ́. Kó ṣe é kí n rí i ni mo ń ní.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1981, afárá méjì tí wọ́n fi ọ̀pá irin so rọ̀ nínú hòtẹ́ẹ̀lì Hyatt Regency ní Kansas City, Amẹ́ríkà, já lé àwọn tó wà nísàlẹ̀ níbi ijó. Ènìyàn 114 kú, àwọn tó fara pa lé ní 200. Pílánù ní kí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan jẹ́ odindi, kó ti òkè gba inú afárá kìíní kọjá lọ gbé èkejì. Àwọn tó rọ irin fẹ́ kó rọrùn láti tò, ni ọ̀pá bá di méjì. Afárá ìsàlẹ̀ wá rọ̀ mọ́ tòkè, nọ́ọ̀tì tòkè sì ń gbé ẹrù méjèèjì. (Pílánù àkọ́kọ́ pàápàá kò tó agbára tí òfin ìlú béèrè, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.) Àwọn onírin ní àwọ́n pe àwọn ẹnjiníà lórí fóònù, wọ́n sì gbà, àwọn ẹnjiníà ní kò sẹ́ni tó pe àwọn. Òǹtẹ̀ ẹnjiníà ṣáà wà lórí pílánù tuntun, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹnjiníà náà ní Missouri, ìpínlẹ̀ tí ìlú náà wà. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kò wọ́n wọn.

Àwa Yorùbá náà lẹ́jọ́ tiwa. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, àbí? Kó dúró sí gbọ̀ngàn ìyàwó. Ní sáìtì, odindi ni kẹ́ ẹ sọ fún ọmọlúàbí, kẹ́ ẹ sì gba odindi padà lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ sọ pé ìgbọ́raẹniyé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́, ó ní àbájáde ni. Sísọ àti kíkọ niṣẹ́. Mo ní kó fi télọ̀ tó mọ aṣọ í rán tí kò parí ẹ̀wù kankan rí hàn mí. Ó tún ní ọ̀rọ̀ náà gùn jù. A jọ kà á: kọmunikéṣọ̀n jẹ́ sílébù 5, tèmi jẹ́ 6.

Bàbá ọ̀hún ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ń gbé pílánù lọ bá a, mo máa ń fi bírò pupa kọ ínṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo mìlímítà.