Aṣọ onígun mẹ́fà tí a fi bébà rán

Aṣọ onígun mẹ́fà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí a fi ń so àgékù aṣọ kéékèèké pọ̀ di odindi, pàápàá aṣọ ìbora tí àwọn Òyìnbó ń pè ní kúílìtì. Bébà tí a gé ní igun mẹ́fà ni a ó kọ́kọ́ fi aṣọ bò, a ó wá fi abẹ́rẹ́ so àwọn aṣọ náà létí létí. Lẹ́yìn náà ni a ó yọ bébà kúrò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n mọ ọgbọ́n yìí mọ́. Aṣọ ìbora ṣẹ́dà kan wà níbẹ̀ tí ọdún 1718 wà lára rẹ̀, bébà rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ dòní. Ní 1835, ìwé ìròyìn obìnrin kan ní Amẹ́ríkà tẹ bátànì onígun mẹ́fà jáde. Lẹ́tà àtijọ́, ìwé ìròyìn àti ìwé iléèwé ọmọ ni àwọn aránṣọ ayé ìgbà náà ń gé, ohun tó wà lára wọn sì ti jẹ́ kí a mọ ìgbà tí wọ́n rán ọ̀pọ̀ irú aṣọ bẹ́ẹ̀.

Bébà

Ọwọ́ bébà ni gbogbo ìdọ́gba iṣẹ́ yìí wà. Bí ọ̀kan bá fi bíńtín tóbi ju èkejì lọ, kò ní hàn lára ẹyọ mẹ́ta, ṣùgbọ́n tó bá di ọgbọ̀n, aṣọ á ti máa wú láàárín. Kọ́ńpáàsì ọmọ iléèwé tó láti yà á. A ó ṣí i ní ínṣì kan, a ó fi ya róbótó, a kò sì ní pa á dé kí a tó fi sàmì sí etí róbótó náà yí po. Ẹ̀ẹ̀mẹfà géérégé ni yóò fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Rúlà ni a ó fi so àwọn àmì náà pọ̀. Kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, irú èyí tí wọ́n ń pín níbi ìnáwó, dára púpọ̀ fún un: ó le ju bébà lásán lọ, kò sì le tó páálí.

Aṣọ

Ní Èkó, àgékù kì í wọ́n. Abẹ́ tábìlì àwọn télọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Yábàá àti Múṣin kún fún àgékù ankara, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń lọ sí ààtàn, ohun tó ṣeni láàánú. Ankara onówùú ló dára jù, torí ibi tí a bá ṣẹ́ ẹ sí ló ń dúró. Èyí tó ní pọlisítà máa ń ṣí padà. Láti dá wọn mọ̀, a ó fa fọ́nrán kan yọ, a ó ṣáná sí i: òwú gidi á jó bíi bébà, á di eérú; pọlisítà á yọ́, á sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀. A gbọ́dọ̀ fọ ankara tuntun kí a tó gé e. Léèsì ní ihò jù; aṣọ òkè nípọn, etí rẹ̀ sì ń tú.

Rírán

Fún ẹyọ onínṣì kan, ìyẹn èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì kan, aṣọ ínṣì méjì ààbọ̀ níbùú lóròó tó. A ó gbé bébà lé ẹ̀yìn aṣọ, a ó ṣẹ́ etí rẹ̀ bò ó ní ìdámẹ́rin ínṣì, a ó sì fi ìrán gígùn tí a máa tú lẹ́yìn ọ̀la dè é. Igun ló gba sùúrù. A ó ṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan tán, a ó ṣẹ́ èkejì gun orí rẹ̀, àtàńpàkò á di ibẹ̀ mú, abẹ́rẹ́ á sì gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Igun tí kò bá le ló ń di ihò nígbẹ̀yìn.

Láti so ẹyọ méjì, a ó dojú wọn kọra. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín á máa mú fọ́nrán kan tàbí méjì péré lórí etí kọ̀ọ̀kan, bí ìrán 12 sí ínṣì kan, láìgún bébà. Bó bá kan bébà, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n lára lójú ẹsẹ̀. Igun kọ̀ọ̀kan jẹ́ dígíríì 120, nítorí náà ẹyọ mẹ́ta ló ń pàdé lójú kan láìsí àlàfo. Bátànì òdòdó ló wọ́pọ̀ jù: ọ̀kan láàárín, mẹ́fà yí i ká, lẹ́yìn náà 12, lẹ́yìn náà 18. Bébà kò gbọdọ̀ kúrò títí ẹ̀gbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi ní alábàágbé.

Bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ní ínṣì 60, tó sì gùn ní 80, á gba nǹkan bí 1,850 ẹyọ onínṣì kan. Nínú ooru Èkó, ìrọ̀rí tàbí báàgì wúlò ju aṣọ ìbora lọ. Síso aṣọ oríṣiríṣi pọ̀ kì í sì í ṣe àjèjì fún Yorùbá. Ẹ̀kú egúngún jẹ́rìí sí i. Aṣọ ẹbí ló yẹ iṣẹ́ yìí jù, torí ìgbéyàwó àti ìsìnkú ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ṣe é, kó fi òwú kọ ayẹyẹ àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀, torí bébà tó lè jẹ́rìí ti kúrò nínú rẹ̀.