Odisha ló kọ́kọ́ fi èdè gba ìpínlẹ̀ ní Íńdíà

Bí wọ́n bá ń sọ bí èdè ṣe di ohun tí wọ́n fi ń pa ààlà ìpínlẹ̀ ní Íńdíà, Potti Sriramulu ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ẹni tó gbààwẹ̀ títí ó fi kú lóṣù Kejìlá ọdún 1952 nítorí ìpínlẹ̀ Andhra, ti àwọn tó ń sọ èdè Telugu. Akọni ni. Ṣùgbọ́n Odisha, ìpínlẹ̀ àwọn tó ń sọ èdè Odia ní ìlà-oòrùn Íńdíà, ti gba tirẹ̀ ní ọdún 16 ṣáájú ikú rẹ̀.

Àwọn òyìnbó amúnisìn ló pín àwọn tó ń sọ èdè Odia yẹ́lẹyẹ̀lẹ: Cuttack, Puri àti Balasore wà lábẹ́ Bengal, Ganjam wà lábẹ́ Madras, Sambalpur sì wà lábẹ́ Central Provinces. Nígbà tí ìyàn ńlá mú lọ́dún 1866, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn kú, Calcutta, níbi tí ìjọba wà, sì jìnnà sí wọn.

Lọ́dún 1870, Kantichandra Bhattacharya, olùkọ́ ọmọ Bengal kan ní Balasore, kọ̀wé pé Odia kì í ṣe èdè tó dá dúró. Irọ́ gbáà ni. Akéwì Sarala Das ti fi Odia kọ Mahabharata, ìtàn akọni ńlá Íńdíà, láti nǹkan bí ọdún 500 sẹ́yìn. Ẹ tún wo lẹ́tà wọn: ìlà gbọọrọ ló wà lórí ti Bengali, ti Odia rí róbótó, torí pé orí ewé ọ̀pẹ ni wọ́n ti ń fi kálámù onírin kọ ọ́. Ẹni tó bá fa ìlà gbọọrọ níbẹ̀, ewé á ya mọ́ ọn lọ́wọ́.

Lọ́dún 1895, ìjọba pàṣẹ pé Hindi ni kí wọ́n máa lò nílé ẹjọ́ Sambalpur. Àwọn ará ibẹ̀ ò dákẹ́. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ń tẹ̀ lé ìwé ẹ̀bẹ̀ títí Odia fi padà sílé ẹjọ́ lọ́dún 1903. Lọ́dún 1905, wọ́n yọ Sambalpur, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ Cuttack. Èmi ka ìyẹn sí ìpilẹ̀ṣẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Lọ́dún 1903 kan náà ni Madhusudan Das, agbẹjọ́rò kan, dá Utkal Sammilani sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń jà kí àwọn tó ń sọ Odia wà lábẹ́ ìjọba kan. Ìkànìyàn ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀: iye àwọn tó ń sọ èdè ni ìgbìmọ̀ tó ń pa ààlà ń wò kó tó pín ilẹ̀, nítorí náà bí akọ̀wé bá kọ èdè mìíràn sí iwájú orúkọ àwọn ará abúlé kan, abúlé náà bọ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 1936, Odisha di ìpínlẹ̀ pẹ̀lú àgbègbè mẹ́fà, ṣùgbọ́n Singhbhum àti Midnapore, níbi tí àwọn tó ń sọ Odia tún wà, ò sí nínú rẹ̀. Das ti kú lọ́dún 1934.

Andhra tẹ̀ lé e lọ́dún 1953, òfin tún ààlà gbogbo Íńdíà pa lọ́dún 1956, Maharashtra àti Gujarat pínyà lọ́dún 1960.